Ẹ̀jẹ̀ Màámi Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú

Gbogbo ẹbí wa ló gbà pé ọmọ gidi ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi náà ò sì jiyàn. Ọmọ gidi ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá bínú sí i lẹ́ẹ̀kan, kí n sì gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bínú sí ẹni tó jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi ṣe jàǹbá? Ìfẹ́ tó ní sí màámi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sin màámi, èmi náà sì bá a di ṣọ́bìrì mú.

Láàbù kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí gáréèjì. Ọdún kẹrìnlá mi rèé níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá gbé e wá fún àyẹ̀wò. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Ọsibítù á fà á, wọ́n á ní kí ọmọ tàbí ìyàwó gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, onítọ̀hún á sì gbé e bọ̀ nínú ọ̀rá, nínú báàgì, nínú àpò ṣòkòtò pàápàá. Tí wọ́n bá dé iwájú mi, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi wọ́n: ìgbà wo ni wọ́n fà á, inú kí lẹ sì gbé e sí? Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa dá a padà ni. Mo ti dá ti arúgbó padà, mo ti dá ti ọmọ ìkókó padà, ìyá ọmọ náà sì ṣépè fún mi títí ó fi dé ìta. Wọ́n sọ mí ní Màdáámù Dá-a-Padà, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mi ò bínú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti bàjẹ́ lọ́nà á parọ́ mọ́ ẹni tó ni ín, irọ́ láàbù sì burú ju irọ́ ẹnu lọ, torí pé dókítà máa ń gbà á gbọ́.

Màámi ń gbé Ẹ̀pẹ́ nítorí òwò ẹja. Ìjẹ̀dẹ́ ni ilé bàbá wa wà, ibẹ̀ náà ni bàbá wa sùn sí, ṣùgbọ́n màámi ní àwọn ò lè máa jókòó ti ibojì. Wọ́n á ra ẹja tútù lọ́jà Ẹ̀pẹ́, wọ́n á yan án, wọ́n á tà á. Lọ́jọ́ kan, ìwo ọ̀bọ̀kún gún wọn ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ẹja ti ń gún mi kí n tó bí ọ." Kẹrosíìnì ni wọ́n dà sí i, wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n sì padà sídìí iná. Lọ́jọ́ karùn-ún, apá yẹn ti wú dé èjìká, màámi sì ń bá bàbá mi tó ti kú sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, gbé wọn lọ sí ọsibítù kan níbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tó sì pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Kòkòrò ti gba ojú ọgbẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, sẹ́púsíìsì, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ara ń bá kòkòrò jà débi pé ó ti ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé màámi sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọ́n le jù, wọ́n fi atẹ́gùn sí wọn nímú, wọ́n sì gbé dírípù kan kọ́ tó jẹ́ pé òun ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ró. Dókítà tó ń tọ́jú wọn, ọmọbìnrin kékeré kan tó dà bíi pé kò tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, bá mi sọ̀rọ̀ bí ará ilé, torí pé ó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní ohun tí àwọn máa fi mọ̀ bóyá màámi á là á já tàbí wọn ò ní là á já ni lákítéètì inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan yẹn máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ò bá dé ibi tó yẹ kó dé nínú ara mọ́. Kò yẹ kó kọjá méjì. Lọ́jọ́ tí màámi dé, ó lé ní márùn-ún. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kìíní nìkan ò tó ṣèdájọ́. Èyí tí wọ́n bá fà tẹ̀ lé e ló máa sọ̀rọ̀: tó bá ń wálẹ̀, oògùn ń ràn wọ́n nìyẹn, tó bá ń gòkè, kí ẹbí múra ọkàn.

Bó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n fa ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rọ tiwọn kọṣẹ́. Ẹ̀rọ tiwa ní Ìkòròdú ń ṣiṣẹ́. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí dókítà pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e bọ̀. Mo bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sínú kúlà, ẹ fi áìsì yí i ká, kí ẹ sì máa bọ̀ tààrà." Ó ní òun ti gbọ́. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kí ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì?

Aago méjì kọjá kó tó dé. Mọ́tò méjì ló bàjẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó tó kúrò ní Itoikin lójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó gbé kúlà ka orí káńtà mi, mo ṣí i. Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta tó dì gbagidi ló wà níbẹ̀, ìgò ẹ̀jẹ̀ wà láàárín wọn. Mo fọwọ́ kan ìgò náà, ó tutù. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi tí mo dá ti ọmọ ìkókó padà, èmi tí mo ń bi àwọn àgbàlagbà bí ọlọ́pàá, mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní àbí ọkùnrin yìí ni màá máa fi ìbéèrè dà láàmú? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo ní kó máa padà sí Ẹ̀pẹ́, torí pé Ìyá Kékeré nìkan ló wà lọ́dọ̀ màámi, mo sì gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ó lé ní mẹ́jọ. Mo tún un ṣe, mẹ́jọ náà ni. Mo jókòó sórí páálí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Mo pe dókítà, mo ka nọ́ńbà náà fún un. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ múra ọkàn yín." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màámi, ó pè mí láti gbọ́ èsì. Mo sọ fún un. Mo ní, "Bọ̀dá, ó ti gòkè. Oògùn ò ran wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn bọ̀ wálé, kí wọ́n má baà kú sọ́wọ́ àwọn tí wọn ò mọ̀." Mo gbọ́ tí Ìyá Kékeré bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe gbogbo ìyókù, ó sì ṣe é bí àkọ́bí ṣe ń ṣe nǹkan, láìjáfara. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti gbá yàrá màámi ní Ìjẹ̀dẹ́, wọ́n ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ fún ọsibítù pé àwọn máa buwọ́ lùwé láti gbé wọn lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Tí wọ́n bá yọ dírípù tó ń gbé ìfúnpá yẹn ró, màámi ò ní dé Itoikin láàyè.

Mo dé Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Kékeré jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta wọ́ọ̀dù, wọ́n ń dúró de ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù. Mo jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ka gbogbo ohun tó ti ṣe fún màámi láti ọjọ́ tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ wọn pàápàá tí mo gbé lánàá, mi ò jẹ́ kó tutù."

Mo ní, "Kí lẹ sọ?"

Ó ní, "Ṣé o rò pé mo lè gbé ẹ̀jẹ̀ màámi sínú áìsì? Òkú ni wọ́n ń gbé sí áìsì. Bí mo ṣe jáde ní géètì ni mo ti yọ ọ́. Abẹ́ ẹ̀wù mi ni mo fi sí, níbi àyà mi níhìn-ín, títí mo fi dé Ìkòròdú. Mò ń ṣe àdúrà sí i bí mo ṣe ń lọ."

"Ó tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀ pé wàá pariwo. Mo ra píọ̀ wọ́tà tó dì ní gáréèjì, mo fi í sáàárín wọn kí n tó wọlé wá bá ọ."

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ò tíì kú. Ohun tí mi ò sọ fún un lórí fóònù nìyẹn. Àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà, lákítéètì ni wọ́n sì ń yà sílẹ̀ tí wọ́n bá ti jẹun tán. Ooru máa ń mú wọn jẹun kíákíá, pàápàá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń bá kòkòrò jà. Áìsì ló ń dá wọn dúró. Ọkùnrin yìí fi àyà rẹ̀ bọ́ wọn fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n ya nǹkan wọn sílẹ̀, mo sì kà á bí ẹni tó ń ka ìwé ikú ìyá mi.

Inú bí mi débi tí ojú mi ṣókùnkùn. Mo dìde, mo ní, "Ìwọ! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ" rí. Èyí tó sì dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé "ìwọ" yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́. Mo ń ṣàlàyé pé irọ́ ni nọ́ńbà àná, pé ó lè jẹ́ pé ara màámi ti ń yá, Ìyá Kékeré ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bi mí bóyá ọkùnrin tó gbé mi pọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni mò ń pè ní ìwọ, ní ìta gbangba, lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo ní, "Ìyá Kékeré, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ẹ wá fi pàṣán nà mí tó bá yá." Wọ́n ní rárá, kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Màámi wà lẹ́yìn ògiri, ẹ̀mí wọn ń bẹ lórí okùn, àwa ń yanjú ọ̀rọ̀ ta lẹ̀gbọ́n, ta làbúrò.

Mo kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ǹtì ni mo kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù láàbù lọ́rùn mi. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ dákun, mo ṣì sọ ni." Mi ò ṣì í sọ. Mo ní in lọ́kàn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó dárí jì mí!

Ìyá Kékeré wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní láàárọ̀ wọ́n fà, lọ́sàn-án wọ́n fà, lálẹ́ wọ́n fà, ṣé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn tán ni? Wọ́n ní, "Lánàá o ní kò sí ìrètí. Lónìí o ní irọ́ ni. Èwo ká gbà nínú méjèèjì?" Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Dókítà ló gbà mí sílẹ̀. Ó jáde wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lù, mo sì rò fún un. Ó tẹ̀ síwájú, ó bi ẹ̀gbọ́n mi léèmejì pé, "Abẹ́ ẹ̀wù, sà?" Ó wá ní láti òru lòun ti ń rí i pé ìtọ̀ màámi ti ń dà díẹ̀díẹ̀, òun ò kàn mọ bí òun ṣe máa fi í bá nọ́ńbà mẹ́jọ mu ni. Òun náà ti gba irọ́ mi gbọ́. Ó ká ìwé náà sápò. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa dúró di ìrun àsárù, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé onímọ́tò ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ti pé sílé.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìwọ̀nba ṣíbí tíì kan. Èmi ni mo gbé e. Mo gbé kúlà lé itan mi láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, mo sì ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà títí obìnrin tó jókòó tì mí fi bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ tà. Mo ní rárá. Ó ní kí n yéé ṣí i nígbà náà, áìsì á yọ́. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí láyé mọ èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀.

Mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Mo tún un ṣe, mẹ́ta àti díẹ̀ náà ni. Márùn-ún lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mẹ́ta báyìí. Ó ti ń wálẹ̀. Mo pe dókítà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kírun àsárù. Mo ní, "Bọ̀dá, wọn ò kú. Wọ́n ń gbádùn bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ nǹkan kan lára wọn." Ẹ̀gbọ́n mi pariwo "Àlùhámúdùlílàhì" débi pé mo ní láti gbé fóònù kúrò létí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mo sọ fún ọ. Àdúrà tí mo ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yẹn ló gbà." Mo pa fóònù.

Màámi lo ọjọ́ mọ́kànlá sí i ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n gé orí àtàǹpàkò wọn sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn. Mo ti tún yàrá ṣe fún wọn nílé mi ní Ìkòròdú, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì, mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Màámi ní Ìjẹ̀dẹ́ ni àwọn ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó dáa. Kò dáa lójú mi, ṣùgbọ́n ta ni màá fi ẹjọ́ sùn? Gbogbo àlejò tó bá yà kí wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ìtàn àyà àti àdúrà fún, wọ́n á sì máa kí i kú iṣẹ́, kú ìtọ́jú ìyá. Èmi á wà ní kọ̀rọ̀, màá máa rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Mo ti múra sílẹ̀ pé lọ́jọ́ kan màá jókòó ti màámi, màá sì rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n lè mọ ẹni tó gbà wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú kan ló bọ́ sí i. Àwa méjèèjì nìkan la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń tú báńdéèjì ọwọ́ wọn láti pààrọ̀ rẹ̀. Màámi ò wo ọwọ́ náà, ojú mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ní kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ wálé?"

Mo ní, "Màámi, ẹ̀jẹ̀ tí Bọ̀dá gbé wá lọ́jọ́ yẹn ló..."

Wọ́n ní, "Mi ò bi ọ́ ní ti ẹ̀jẹ̀."

Mo rọra gbé ọwọ́ wọn ka orí itan mi. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n mi orí díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ohùn fóònù síta kí àbúrò mi lè gbọ́, èmi náà sì gbọ́. Ojú mi ò lè là, ẹnu mi ò lè ṣí, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ. Àwọn yòókù ti ń sunkún láti àárọ̀, mi ò dá wọn lóhùn, mò ń bá ìjà tèmi lọ. Ìgbà tí ìwọ sọ̀rọ̀ ni mo wí nínú mi pé, ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn ló sọ yẹn o. Mo bá ní kí n má wulẹ̀ jà mọ́."

Báńdéèjì tuntun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.